Kókó Ojú Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ Frau Harms

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àìrí wa, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Èmi Àbẹ̀kẹ́ yín ló kúnlẹ̀ kí yín láti Hamburg. Ilẹ̀ yàrá tutù, orúnkún mi sì ń bẹ̀ mí kí n dìde, ṣùgbọ́n mi ò ní dìde títí n ó fi kí gbogbo ilé tán. Mo kí Bàámi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan. Mo kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí àbúrò mi Dámilọ́lá, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Dámilọ́lá, jọ̀wọ́ rọra kà á, má sì fo ibì kankan.

Mo mọ̀ pé ọkàn yín kò tíì balẹ̀ tán nípa ìpè tí mo pè yín lọ́jọ́ yẹn láti Berlin. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pariwo pé wọ́n ti gbà pé òótọ́ ni mo sọ, bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì já. Dámilọ́lá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ rò pé wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù ni, ẹ sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣeun, Màámi. Ààwẹ̀ yẹn kò ṣòfò. Àmọ́ kì í ṣe ẹjọ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo ti wá jókòó báyìí láti sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sì ní kí àwọn ìwé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló wà nílé tí ọmọ wọn wà níbí, tí wọn kò mọ ohun tí ọmọ náà ń fi ọwọ́ ṣe láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kan. Ìwé ẹ̀rí dókítà ẹranko tí mo gbà nílé, tí ẹ fi owó ẹlẹ́dẹ̀ rán mi lọ gbà, kò tó níbí. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní Approbation, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń gbà pé dókítà ni ẹ́ lóòótọ́, ìdánwò ẹnu ni wọ́n sì fi ń gbà á, lédè Jámánì. Òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, ibi ìkẹ́rù sí ní Hamburger Hafen, èbúté ọkọ̀ òkun, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń to páálí lé páálí. Mo ń kàwé nínú bọ́ọ̀sì tó ń kó àwa òṣìṣẹ́ lọ, tó sì ń kó wa bọ̀. Nígbà tí mo jókòó fún ìdánwò náà, mo fìdí rẹmi. Mo mọ àìsàn tí wọ́n bi mí, mo rí i lójú ọkàn mi kedere, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ lédè wọn sá lọ lẹ́nu mi. Mi ò sọ fún yín. Ẹ bi mí lórí fóònù pé báwo ni ìdánwò, mo ní àbájáde kò tíì jáde. Irọ́ ni mo pa, Màámi. Ẹ foríjì mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí iṣẹ́ ní lábù kékeré kan. Bí ẹranko kan bá ní kókó tàbí egbò tí dókítà rẹ̀ kò dá mọ̀, wọn a gé díẹ̀ níbẹ̀, wọn a fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi ni mo ń gbà á. Mo máa ń rì í sínú ìda, bí ìda bá ti gan, mo máa fi ẹ̀rọ gé e pẹlẹbẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Mo máa tẹ́ ẹ sórí dígí kékeré, mo máa fi aró pupa àti aró àlùkò kùn ún, kí n tó gbé e fún ọ̀gá mi, Dókítà Brandt. Òun ni yóò fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, òun ni yóò kọ Befund, ìwé tó ń sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Iṣẹ́ tèmi parí síbi aró. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, mo dì í bí ẹni di aṣọ Kérésìmesì, mo gbé e pamọ́.

Dókítà Brandt kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ga, ó gbẹ, ó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí ẹni tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Ọdún kan ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, ó sì ti ń tán lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí òmíràn, èbúté ni mo ń padà sí.

Ilé tí mo ń gbé wà ní Jenfeld, àdúgbò kan ní Hamburg níbí, àjà keje nínú ilé gogoro kan. Ẹ máa ń bi mí bóyá òtútù ibí dà bí ọyẹ́. Ọyẹ́ máa ń dé, a máa kí ọyẹ́, ọyẹ́ a sì lọ. Tibí máa ń jókòó tini. Oòrùn á yọ lójú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n fipá mú jáde, kò tíì tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó ti wọlé padà. Ọjọ́ Àìkú tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwa Aládùúrà nìkan ni ẹnìkan máa ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Láti Ajé dé Àbámẹ́ta, Frau Olagoke, ìyẹn Ìyáàfin Olagoke, ni mò ń jẹ́, láìsí àmì kan lórí rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń bá àwọn dígí mi sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ayọ̀ yìí ti bá mi ni.

Ó di ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí òtútù ń múra àtilọ, páálí kékeré kan dé. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ka ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà opó kan tó ń jẹ́ Frau Harms ló ni wọ́n, ní abúlé kan lẹ́yìn odò. Mẹ́rìnlá ni ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, irú àtijọ́ kan tó ní àmì dúdú lára, tí etí rẹ̀ máa ń bo ojú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń jẹ́ Lotte. Kókó ti yọ sí ìpéǹpéjú Lotte láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Dókítà abúlé rò pé eéwo ni, ó fi abẹ sí i, ọyún kò jáde. Ó gún un lábẹ́rẹ́, kókó náà kò gbọ́. Ó yí ojú kan ká, ó bọ́ sí ojú kejì, títí Lotte kò fi rí ọpọ́n oúnjẹ rẹ̀ mọ́, tó ń fi orí gbá ọgbà. Lẹ́yìn náà ni irú rẹ̀ yọ lójú ọmọ Lotte méjì.

Ìgbà tó di mẹ́ta ni ẹ̀rù ba àwọn ará àdúgbò. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ lágbègbè náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àkóràn ni, pé kí màmá náà kó wọn kúrò kó tó ran tiwọn. Dókítà abúlé kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí lábù bá fi lè ní jẹjẹrẹ ni, Frau Harms ti gbà kí ọkọ̀ apẹran wá kó gbogbo mẹ́rìnlá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti bá wọn ṣe Termin, ó ti dá ọjọ́.

Màámi, mo ka ìwé yẹn, ọwọ́ mi dúró. Mo rántí ọdún tí ẹlẹ́dẹ̀ tiyín ṣàìsàn. Mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá, ó dúró lẹ́yìn ọgbà, kò wọlé, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan, kò la ọ̀kan wò. Ó ní kí a pa gbogbo wọn ká sin wọ́n. Bàámi àti Bọ̀dá Ṣẹ́gun gbẹ́ ihò náà fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ dúró létí ihò, ẹ sì bi ọkùnrin náà pé kí ló pa wọ́n. Ó ní àìsàn ni. Ẹ bi í pé àìsàn wo. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ẹ tún sin ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn, ẹ fi owó wọn rán mi lọ sí yunifásítì, ìbéèrè tí wọn kò dá yín lóhùn yẹn ni mo sì gbé lọ síbẹ̀. Mi ò sọ fún yín rí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo kun dígí Lotte tán, mi ò gbé e lọ tààrà. Mo gbé e sábẹ́ awò fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé oògùn fún yín. Àwọn hóró tíntìntín inú jẹjẹrẹ tó burú máa ń rí gánnagànna: èyí ńlá, èyí kékeré, wọ́n á máa gun ara wọn lórí bí èrò tó ń sá fún iná. Èyí tí mo rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tò. Níbì kan, ó tò sí ìlà méjì bí àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà àárọ̀, tí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín. Níbòmíràn, ó pòóyì bí irun àtàrí ọmọ tuntun. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń tò báyìí. Nínú ara wa, iṣan kan wà tó ń gbé ìmọ̀lára láti ojú àti láti awọ ara lọ sí ọpọlọ, ó dà bí wáyà iná. Bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan bo iṣan náà. Ìbòrí yẹn ló ń wú lójú Lotte. Ó ṣọ̀wọ́n nínú ẹlẹ́dẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ràn. Bí ó bá sì tò dáadáa bí èyí, kì í sábà pani.

Mo gbé dígí náà fún ọ̀gá mi. Ní ọ̀sán, ó ní òun ti rí i, ó ní jẹjẹrẹ inú ẹran ara ni, èyí tó le. Mo dúró síbẹ̀. Ó bi mí bóyá nǹkan kan tún kù. Èdè Jámánì mi fọ́ sí wẹ́wẹ́, Màámi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní mo rò pé ìbòrí iṣan ìmọ̀lára ni. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí i rí lójú ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní wọ́n gbà mí láti máa gé e ni, wọn kò gbà mí láti máa kà á.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Mo gé ẹ̀dọ̀ ajá kan, mo gé awọ ẹṣin kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mò ń rò. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń rò.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé kí ó má baà sá lọ bí ti ìdánwò. Mo ní aró pàtàkì kan wà ní lábù ńlá kan ní Berlin, aró tí kì í mú ohun mìíràn dáadáa bí ohun tó bá ti ara iṣan ìmọ̀lára wá. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé ègé ìda náà lọ, mo ní ọjọ́ ìsinmi mi ni n ó lò, mo ní kó dá Befund dúró títí di Ọjọ́bọ̀ péré. Mo tún fi kún un pé bí ó bá kọ jẹjẹrẹ, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí mẹ́rìnlá ló lọ, a kò sì lè fi Befund mìíràn jí wọn. Ó mú bírò, ó kọ ìwé àṣẹ, ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun ń ṣe é nítorí pé mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí n tó wá. Ó sì ní bí mo bá fi àkókò àwọn ará Berlin ṣòfò, òun kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin lọ́jọ́rú, ìda Lotte nínú àpótí kékeré lórí itan mi. Ọkùnrin kan fẹ́ bá mi gbé e sókè níbi ẹrù, mo fà á mọ́ra bí ẹni pé ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin àgbà, irun rẹ̀ funfun, ó wọ bàtà eré ìdárayá. Ó bi mí pé ta ló rò pé ìbòrí iṣan ni. Mo ní èmi ni. Ó bi mí pé dókítà ni mí bí. Mo ní nílé, dókítà ni mí, níbí, mi ò tíì jẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba àpótí náà, ó ní kí n padà wá lọ́la, nítorí aró náà kì í yára.

Ọ̀dọ̀ Sister Fúnkẹ́, tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kó lọ sí Kreuzberg, àdúgbò kan ní Berlin, ni mo sùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kọfí kan níbẹ̀. Ó tẹ ẹ̀bà, ó se ilá, ó fi ẹja tútù sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà bi mí lédè Jámánì pé ṣé òótọ́ ni pé ojú ẹlẹ́dẹ̀ ni mo gbé wá sí Berlin. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ó tún fi Jámánì bi mí pé ṣé ojú náà ń wo òun. Sister Fúnkẹ́ bú u pé ṣé báyìí ni wọ́n ń kí àǹtí. Kíá ló kúnlẹ̀, ó ní ẹ káalẹ́ mà, ó dìde, ó tún bi mí lédè Jámánì. Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ilé ẹni tó bí ọmọ. Sister Fúnkẹ́ gbàdúrà fún mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní Ọlọ́run tó la ojú Bátíméù yóò la ojú àwọn ará Jámánì sí mi.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tún dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó fà sẹ́yìn kúrò nídìí awò, ó ní kí n jókòó kí n wò ó fúnra mi. Màámi, gbogbo rẹ̀ ló mú aró. Láti etí kan dé etí kejì, àwọ̀ bí i tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí. Àwọn ìlà méjì-méjì yẹn hàn gbangba bí ilà ojú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó pe àwọn tó wà ní yàrá kejì pé kí wọ́n wá wo ohun tí wọn kò lè rí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tò lẹ́yìn mi. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti wò ó tán, yóò béèrè pé ta ló kọ́kọ́ rí i, ọ̀jọ̀gbọ́n á sì na ìka sí mi, á ní obìnrin tó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé yẹn ni. Búláòsì tí ẹ rán sí mi nígbà ọjọ́ ìbí mi ni.

Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ọ̀gá mi. Mo sọ ohun tí aró sọ. Ó bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ mú aró, mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti jẹ̀bi. Gbólóhùn kan péré, Màámi, láti ẹnu ẹni tí kì í ná ọ̀rọ̀. Ó ní kí n má dá òun dúró lórí fóònù mọ́, òun fẹ́ yára pe Frau Harms kí ọkọ̀ apẹran má baà gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pè yín, tí mo ń pariwo.

Ọkọ̀ náà kò wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ wa mọ́tò gbé mi lọ sí abúlé náà, pé kí a yẹ ojú gbogbo wọn wò. Dókítà abúlé ti múra pẹ̀lú okùn. Ó fi okùn sí ẹnu àkọ́kọ́, ariwo sọ, àwọn yòókù dà gììrì kọjá lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá mi sì jókòó sínú ẹrẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wọ àárín wọn, mo lóṣòó, mo ń kùn sí wọn bí ẹ ṣe máa ń kùn, mo sì ń fi ìka họ abẹ́ ikùn wọn níbi tí ẹ fi hàn mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ̀kan mí kanlẹ̀, ó sùn gbalaja. Èkejì náà sùn. Mo fi ọwọ́ tẹ ìpéǹpéjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń han-an-run. Lójú ọ̀dọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, ìka mi kan kókó tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ọmọ-ọmọ Lotte ni. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé inú ìdílé ni nǹkan náà ń rìn, a sì ní kí Frau Harms má jẹ́ kí ìdílé Lotte bímọ mọ́. Àwọn yòókù mọ́ tónítóní. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Lotte. Wọn kò lè gba ojú òsì là, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀tún ríran, ó ń rí ọpọ́n oúnjẹ rẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń jà. Frau Harms di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tí a lọ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bí ti yín, ó ń sọ èdè abúlé wọn tí mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni orúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Mo sọ fún un. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́: ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn nínú agbo náà, tí kì í ṣe ìdílé Lotte, ti bímọ, ó sì ti sọ ọ̀kan ní Àbẹ̀kẹ́. Màámi, ẹ má bínú. Níbí, ọlá ńlá ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Bàámi gbọ́ o.

Mo tún jókòó fún ìdánwò. Dókítà Brandt ló ń bá mi ka ìwé ní ọ̀sán, lákòókò oúnjẹ rẹ̀, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ìbéèrè lẹ́nu. Bí mo bá ṣi èdè sọ, yóò lu tábìlì. Mo wọlé lọ bá àwọn mẹ́ta tó ń dánni wò, wọ́n bi mí láti orí màlúù dé orí oyin. Èdè kò sá lọ mọ́. Mo yege, Màámi! Mo yege! Ìwé Approbation náà wà lórí ògiri yàrá mi ní Jenfeld, orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wọ lábù lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ẹ káàárọ̀, Frau Doktor. Ó fi Yorùbá sọ ẹ káàárọ̀ náà. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ, ó sì pè é bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ tuntun wà lórí tábìlì mi, kò sì ní ọjọ́ ìparí.

Kò pẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ pè mí padà sí Berlin, kí n wá sọ̀rọ̀ Lotte níwájú àwọn dókítà ẹranko tó pé jọ láti ìlú oríṣiríṣi. Mo wọ ìró àti bùbá. Mo sọ ọ́ láti orí ìwé tó kọ́kọ́ dé títí dé orí aró. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn bi mí ìbéèrè tó ta kókó, mo sì tú u. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tán, wọn kò pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkúùkù kan tábìlì, kó, kó, kó. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni. Mo wo Dókítà Brandt tó jókòó níwájú. Òun gan-an ló ń kàn án kíkan jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú yìí ṣe ń yin ènìyàn nìyẹn.

Ní ti owó, mo ti bá Bọ̀dá Ṣẹ́gun sọ̀rọ̀ nípa kànga. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lọ pọnmi mọ́.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní àná. Páálí kan dé láti ìhà gúúsù, láti ọ̀dọ̀ dókítà kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó wo òkè rẹ̀, ó tì í padà sí mi. Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní ojú ẹlẹ́dẹ̀ kan wú, wọ́n gbọ́ pé mo wà, wọ́n fẹ́ kí èmi gan-an bá wọn kà á. Mo rì í sínú ìda, mo gé e, mo kùn ún, mo jókòó sídìí awò láìbẹ ẹnikẹ́ni. Mo wá ìlà méjì-méjì, mi ò rí i. Mo wá ibi tó ti pòóyì, kò sí. Eéwo ni, Màámi. Eéwo lásán. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé eéwo ni, kí wọ́n fún un ní oògùn, yóò san. Mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, èmi nìkan.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹ kò ní sunkún wa, a kò ní sunkún yín. Ara Bàámi yóò le koko. Ẹ bá mi kí Àǹtí Ìyábọ̀, ẹ kí ìyá ìjọ àti gbogbo àwọn tó bá yín gbààwẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀, ẹ ní mo ní àdúrà wọn ti dé Jámánì. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará ọ̀nà, ẹ kí ẹni tó bá bi yín léèrè mi àti ẹni tí kò bi yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Adétóún Àbẹ̀kẹ́ Ọlágòkè,
dókítà ẹranko, nílé àti níbí.